Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ewì Ọgbà àti Ìgbà

Bí ẹ bá ń gbé Èkó, tí ẹ fẹ́ kọ ewì nípa ọgbà, ẹ má ṣe yá ìgbà onígbà lò. Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù nìyẹn. Ẹni tó jókòó sí Sùúrùlérè nínú oṣù kẹta, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, á kọ ọ́ pé "ìgbà ìrúwé dé, yìnyín ti yọ́." Yìnyín wo? Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la ní. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a le gan-an nínú oṣù kẹfà, a sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, torí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kó ráyè. Ẹ kọ ìyẹn. Ẹ kọ igi fúrúùtù iwájú ilé tí ewé rẹ̀ ń pọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kó tó wọ́wé. Ẹ kọ àgbálùmọ̀ tó dé orí àtẹ ní Oyíngbò nínú oṣù kejìlá.

Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi náà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Mo rò pé àfi kí ìparí ìlà dún bákan náà bíi ti ewì Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti kọ "ewé", mo gbọ́dọ̀ wá "ìwé" mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ka ìwé nínú ewì náà. Ohùn ni ewì Yorùbá fi ń jó. Ẹ gbọ́ èyí:

Àkọ́rọ̀ òjò dé, ewúro yọ,
Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ rí i, ìyá yọ̀.

Ohùn àárín ló parí ìlà kìíní, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí èkejì. Ìyípadà yẹn ni etí ń retí. Ẹ má sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹ jọ̀ọ́. "Igba omi kan ni mo bu si idi igba": ṣé igbá ni, tàbí igba, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ìgbá tí à ń jẹ ni olùkọ ń bomi rin, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀?

Ẹ má pe gbogbo nǹkan ní "òdòdó tó rẹwà." Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ewì: ewé tó ń mú ọkọ sanra!

Ọ̀rọ̀ náà "ọgbà" pàápàá, ẹ má fojú kékeré wò ó. Freedom Park tó wà ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́. Ọgbà di ọgbà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa akéwì Èkó kì í sábà fọwọ́ kan irú èyí, tó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwàásù ní ìparí ewì apanilẹ́rìn-ín. Mo ti ka ewì ewúrẹ́ kan fún àwọn ará ilé wa ní Yábàá rí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo fi ìmọ̀ràn nípa sùúrù kún un, gbogbo wọn dákẹ́. Mo ti gé ìmọ̀ràn náà kúrò. Ohun tó kù rèé:

Ewúrẹ́ ilé kejì ti dé,
Ó kí ewúro, kò kí mi.
Ó jẹ ewúro tán, ó wò mí lójú:
"Màmá, ẹ bá mi wá iyọ̀ sí i."