Ẹ̀gbà ọrùn iyùn tó ń já ṣáá

Ẹ̀gbà ọrùn iyùn ẹ̀gbọ́n mi ń já ṣáá, ibi kan náà ló sì máa ń já sí: ẹnu ihò àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n sín sáàárín iyùn. A pààrọ̀ okùn ìpẹja, ó tún já. Ìgbà tí mo fi abẹ́rẹ́ yí ẹnu ihò náà ká ni mo mọ̀ pé ó mú bí abẹ.

Mo wé sáńpépà mọ́ abẹ́rẹ́ ńlá, mo ri ìlẹ̀kẹ̀ náà sómi, mo wá rọra ń yí i títí etí ihò fi dán. (Ẹ má ṣe é ní gbígbẹ o, eruku gíláàsì kì í ṣe ohun àfàsímú.) Mo tún sín ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì rẹ̀, kí okùn má baà máa ṣẹ́ lẹ́nu ihò. Okùn 0.50 mm rọ́pò 0.30 mm. Kí n tó ta kókó, mo dẹ okùn díẹ̀, torí èyí tó bá le gan-gan ló ń tètè já. Iná ìṣáná ni mo fi yọ́ ṣóńṣó rẹ̀.

Iyùn ní tirẹ̀, aṣọ tútù lásán ni mo fi nù ún. Ọsàn wẹ́wẹ́ táwọn kan fi ń fọ̀ ọ́, ṣe ló ń jẹ ẹ́.