Bí mo ṣe gba ẹ̀tọ́ mi nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé

Ọdún 17 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan níhìn-ín ní Mainland, kí wọ́n tó kéde pé àdánù rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé àwọn yóò tì í pa. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ilé iṣẹ́ bá ti rì sínú gbèsè, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti bá a rì nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún wa, pẹ̀lú owó oṣù méjì tí wọ́n jẹ wá. Mo ti mú bírò dání kí n tó ka ìlà wẹ́wẹ́ kan nísàlẹ̀, pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Mo dá bírò padà sápò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti fọwọ́ sí i ṣáájú mi ló nira jù nígbẹ̀yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ṣómólú, mo tú Ghana-must-go tí mo ń kó ìwé sí: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, àti pésílíìpù tí aáyán ti jẹ etí wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Baba, ló là mí lóye pé owó oṣù tí wọ́n jẹ wá kì í ṣe owó ìkìlọ̀, owó ìkìlọ̀ kì í sì í ṣe owó ìdádúró, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa lọ nítorí pé kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Abala 11 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù kan, bí wọn kò bá sì fún un, kí wọ́n san owó rẹ̀. Abala 20 ní kí agbanisíṣẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró àti bí wọn yóò ṣe pọ̀ tó, kí ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó ìdádúró. Òfin náà kò dárúkọ iye. Inú àdéhùn ẹgbẹ́ ni iye tiwa wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Baba.

Èmi ni mo gbé lẹ́tà tí a fi béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé tó gbà á ní, “Ẹ fi sílẹ̀, bùọ̀dá, a máa fún ọ̀gá.” Mo ní, “Ẹ má bínú, àǹtí, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi.” Ó ní yíǹkì ti gbẹ. Mo jókòó. Nígbà tó rí i pé n kò dìde, ó kán omi sórí tìmùtìmù òǹtẹ̀ náà, ó sì lù ú. Ó ṣá, ṣùgbọ́n déètì hàn. Ní oṣù kejì, nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn kò rí lẹ́tà kankan gbà, ẹ̀dà yẹn la tẹ́ síwájú wọn. Lọ́yà ẹgbẹ́ wá kọ̀wé pé ó kù díẹ̀ kí a pàdé ní National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ní Ìkòyí, ni wọ́n bá pè wá sípàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pín owó náà san.

Owó ìfẹ̀yìntì ni n kò fojú sí. Nítorí pé n kò tíì pé ẹni 50 ọdún, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìdá mẹ́rin kan nínú rẹ̀ bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí n kò ríṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó ìfẹ̀yìntì ti oṣù mẹ́sàn-án kò wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ 8 nínú 100 tèmi lórí pésílíìpù. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá sanwó oṣù. Bí kò bá san án, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 2 nínú 100 lóṣooṣù. Mo so àwọn pésílíìpù náà mọ́ lẹ́tà, mo kọ ọ́ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ti oṣù mẹ́fà ti wọlé. Ti mẹ́ta tó kù ni mo fẹ́ lọ bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, èmi àti Ghana-must-go mi.