Bí Mo Ṣe Gbin Hoya Sínú Ilẹ̀ àti Sínú Ohun Tí Kì Í Ṣe Ilẹ̀

Àwọn tí ń gbin òdòdó sínú ilé sábà máa ń sọ pé ohun tí a bá gbin hoya sí ni yóò pinnu bóyá yóò rudi. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i, nítorí náà mo gé ẹ̀ka mẹ́rin lára ìyá kan ṣoṣo, kí ó má baà jẹ́ pé ìyàtọ̀ ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, mo sì gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀ nínú ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Hoya carnosa ni èyí tí mo lò, ìtàkùn láti Éṣíà tí ewé rẹ̀ nípọn tí ó sì ń dán. Ní ọdún 1810 ni Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, sọ ìran ewéko yìí lórúkọ Thomas Hoy, olùtọ́jú ọgbà Syon House, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mọ̀lẹ́bí bomubomu ni, ìdí nìyí tí oje funfun fi ń sun níbi tí a bá ti gé e. Ara igi ni ó máa ń gùn nínú igbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe àfòmọ́, nítorí kì í fa oje igi náà mu. Inú èérún ewé tí ó kó jọ sí pàlàpálá igi ni gbòǹgbò rẹ̀ ń wà, níbi tí òjò ti ń rin ín, tí afẹ́fẹ́ sì tún ń tètè gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí ilẹ̀ tí ó dì gbagidi fi ń mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà.

Mo rí i dájú pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní oríkèé, nítorí láti oríkèé ni ìtàkùn tuntun ti ń yọ. (Ewé kan ṣoṣo ti Hoya kerrii, irú hoya mìíràn tí ewé rẹ̀ rí bí àwòrán ọkàn, tí wọ́n ń tà fún àwọn olólùfẹ́ nínú oṣù Èrèlé kì í sábà ní oríkèé, nítorí náà ó lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀ láì so ewé kejì.) Mo jẹ́ kí oje ojú ibi tí mo gé gbẹ kí n tó gbìn wọ́n.

Ilẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún òdòdó ni mo fi gbin àkọ́kọ́. Èkejì wọ inú èèpo igi páìnì tí a fọ́ wẹ́wẹ́, tí mo pò mọ́ perlite (òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí ó fúyẹ́) àti èèpo àgbọn gígé. Mo kọ́kọ́ rẹ èèpo àgbọn náà mọ́jú, mo sì ṣàn án, torí iyọ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta wọ inú sphagnum, ewéko àbàtà tí wọ́n ti sá gbẹ. Ẹ̀kẹrin wọ inú amọ̀ sísun roboto tí mo fọ̀ títí omi fi mọ́, mo sì ń jẹ́ kí omi wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Amọ̀ kò ní oúnjẹ kankan nínú, nítorí náà inú omi yẹn ni mo ń po ajílẹ̀ olómi sí.

Sphagnum ló kọ́kọ́ ta gbòǹgbò, kò sì sí ohun tí ó dà bí rẹ̀ fún ẹ̀ka tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù kì í tètè gbẹ, èyí ni mo fi ṣí ewéko náà lọ sínú èèpo igi kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà. Amọ̀ fún mi ní gbòǹgbò funfun tí ó lágbára, àmọ́ ẹfun pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń dì mọ́ ara amọ̀ náà, torí náà omi òjò ni mo ń lò fún un. Ilẹ̀ inú ọ̀rá kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí ń bomi rin ín bá ní sùúrù; ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ jù, omi kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ṣàn lọ ni, ó sì di dandan kí n gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi.

Ní ti òdòdó, èèpo igi àti amọ̀ ló kọ́kọ́ rudi, ilẹ̀ inú ọ̀rá sì tẹ̀lé wọn nígbà tí ó yá. Gbogbo wọn ló wà lójú fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn wọ́n. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka láti inú ìkòkò èèpo igi, pẹ̀lú àdàlù kan náà gan-an, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn. Ewé rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò tíì yọ ìrudi kan. Lójú tèmi, ìmọ́lẹ̀ ló ń pe òdòdó jáde. Ohun tí a gbìn ín sí kàn ń pinnu bí a ó ṣe máa bomi rin ín ni.

Láti ìgbà tí ìrudi bá ti yọ ni n kì í ti í yí ìkòkò padà mọ́, n kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, torí ìrudi máa ń já dànù. Òórùn òdòdó náà ń le sí i lálẹ́, oje dídùn rẹ̀ sì ń kán sí ojú fèrèsé, tí a ní láti máa nù. Bí òdòdó bá rẹ̀ dànù, mo máa ń fi ọ̀pá kúkúrú tí ó so lé sílẹ̀ láìgé, nítorí orí rẹ̀ kan náà ni òdòdó ọdún tí ń bọ̀ yóò ti yọ.