Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ìfúnpá: bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe lè náwó sórí ìlera

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun dé, ẹgbẹ́ kì í ṣàìṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ kan. Wọ́n á pa tẹ́ńtì, wọ́n á yẹ ìfúnpá àwọn àgbà wò, wọ́n á pín oògùn ibà àti ti ara ríro, alága á sọ̀rọ̀, ó parí. Mo ti jókòó sábẹ́ irú tẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, mo sì ti jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akápò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ìyá tí ìfúnpá rẹ̀ ga lọ́dún yìí, òun náà ni tiẹ̀ máa ga lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí èéfín ìdáná, omi tó ń rù láti odò àti owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi tí a bá wọn.

Ẹ̀yin akápò, akọ̀wé àti alága ẹgbẹ́ nílé lóko ni mo ń kọ èyí sí. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Òkè-Ògùn. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ibi tí owó tí ẹ fi ń ṣàánú yẹ kó lọ, àti ibi tí owó tí ẹ fi pamọ́ yẹ kó wà. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń ro ti àkọ́kọ́, wọn kì í ro ti ìkejì rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ilé ìwòsàn nìkan ló ń fún èèyàn ní ìlera, ẹ sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fún un. Láti 1967 ni àwọn oníwàádìí ti ń tọpa ìlera àwọn ọkùnrin tó lé ní 17,000 nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń gba owó oṣù, gbogbo wọn ló ní ilé ìwòsàn tí wọn kò ní sanwó níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ipò èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe relẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ọkàn ṣe ń pa wọ́n tó. Michael Marmot, tí ìwádìí yìí sọ di olókìkí, ló wá ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008: ibi tí wọ́n ti bí èèyàn, ibi tó dàgbà sí, iṣẹ́ tó ń ṣe àti bí ó ṣe ń gbé ayé ló ń pinnu ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí kì í ṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé tó ń gbowó oṣù, kí la fẹ́ sọ nípa obìnrin tó ń yan gààrí?

Ẹ tọpa àìsàn padà sẹ́yìn

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó bá yín wo ìwé méjì: èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ aláboyún sí, àti èyí tí wọ́n ń kọ ìbímọ sí. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò kàn yín. Iye wọn lẹ fẹ́ mọ̀. Ká ní ọgọ́rin obìnrin ló forúkọ sílẹ̀, tí ọgbọ̀n péré sì bímọ síbẹ̀ (àpẹẹrẹ ni o), iṣẹ́ yín ti dé. Níbo ni àádọ́ta yòókù bímọ sí? Kí ló dé?

Ìdáhùn kò sí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ rán obìnrin méjì tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ bí ẹni mowó, kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá yìí níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Kí alága má lọ. Kí ọkọ ẹnikẹ́ni má sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, torí èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ, ọ̀rọ̀ ojú ayé ni. Ọ̀kan á ní òru ni ọmọ mú òun, kò sì sí ọlọ́kadà tó gbà láti gba ọ̀nà yẹn lóru. Òmíràn á ní ọkọ òun wà lóko, ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Èyí tí mo gbọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni ti ìtìjú: ìwé ẹrù tí wọ́n kọ fún un, ìbọ̀wọ́, Dettol, páàdì, rọ́bà ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ọmọ, kò rí gbogbo rẹ̀ rà. Obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n máa tú báàgì òun wò níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yáa gba ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lọ, tó máa kí i káàbọ̀, tó sì máa gba iṣu dípò owó. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwé kò lè bá a jà lórí ìyẹn. Ẹ lọ bá ìyá agbẹ̀bí náà pẹ̀lú. Ó mọ ohun tí ìwé rẹ́jísítà kò mọ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó gba ọ̀nà tó jọ èyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ ní 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò. Wọ́n wo ibi tí aláboyún ti ń pẹ́: kó tó pinnu àtilọ, lójú ọ̀nà, nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, àti nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù. Fóònù wà lára ohun tí wọ́n fún àwọn aláboyún, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń gun alùpùpù wá wọn kiri ilé. Ẹgbẹ́ yín kò lówó ìjọba, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò ná èèyàn lówó.

Owó tí kò ní padà

Ẹ fi owó àfitọrẹ sórí ohun tí kò lè pa owó wọlé láéláé: ọkọ̀ òru, ẹrù ìbímọ, adójútòfò ìlera ẹni tí kò lè san. Lórí adójútòfò yìí, ẹ ṣọ́ra. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, òfin 2022 sì sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká a. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìpínlẹ̀ yín, àwọn wo ni ìjọba ti yẹ kó san fún. Ẹ má fi owó ẹgbẹ́ san gbèsè ìjọba. Ohun tí ẹ lè san ni owó ọkọ̀ àwọn obìnrin oko tó fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, àti ti ẹni tí yóò bá wọn gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, èyí tó sábà máa ń dá wọn padà.

Ní ti ọkọ̀ òru, ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn oní-Márúwá àti onítáksí ṣàdéhùn. Ẹ má bá awakọ̀ kan ṣoṣo ṣe é. Ẹ jọ dá iye kan, kí ẹ fi owó díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ilé ìwòsàn fọkàn tán, kí awakọ̀ gba tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti gbé obìnrin dé. Bí ẹ bá ní kó wá gbowó lọ́wọ́ akápò ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gbé e mọ.

Ẹ má sì ní kí ìyá aláta kọ ìwé ìbéèrè ojú ewé ogún. Ojú ewé kan tó: kí la fẹ́ ṣe, fún ta ni, èló, ta ni yóò fọwọ́ sí i, ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Ẹ san ìlàjì, kí ẹ lọ fojú rí iṣẹ́, kí ẹ san ìyókù. Ìbátan ni gbogbo wa nílùú kékeré, mo mọ̀. Nítorí náà kí ẹni tọ́rọ̀ kan ẹbí rẹ̀ jáde síta nígbà tí ẹ bá ń dìbò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ó jáde.

Ọ̀rọ̀ ìdáná ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní Ìbàdàn, àwọn oníwàádìí kan pín aláboyún 324 sọ́nà méjì: àwọn kan gba ààrò tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù (ọtí tí wọ́n ń fi dáná), àwọn yòókù ń bá igi àti kẹrosíìnì lọ. Nínú àbọ̀ tó jáde ní 2017, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá lára àwọn tó yí ààrò padà kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí kò yí i, wọ́n lé ní 6. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ o. Ààrò ni. Àmọ́ bí ẹ bá pín ààrò gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ sì lọ, nígbà tí gáàsì bá tán, igi ló kù, ààrò yín á di ohun tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé. Ẹ fi ààrò tọrẹ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n owó gáàsì ní láti wá láti ibòmíràn.

Owó tó ń padà díẹ̀díẹ̀

Ibòmíràn náà ni ẹgbẹ́ aláàjẹsẹ́kù àwọn obìnrin ọjà. Wọ́n mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tó ń sá. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Ẹ yá ẹgbẹ́ náà lówó ní èlé kékeré, kí wọ́n yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn fún gáàsì tàbí ọjà, kí wọ́n dá a padà fún yín láàárín ọdún méjì. Obìnrin tó ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ kò ní dúró de ọkọ tó wà lóko kó tó gun Márúwá.

Bóhóòlù náà lè wà níbí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ á fẹ́ kó pa èrè ńlá wọlé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kí owó kẹ́ẹ̀gì kan tó fún olùtọ́jú rẹ̀, àtúnṣe, ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ iwájú, àti kí owó ẹgbẹ́ padà wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́; kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá wọ́n ju bí apá wọn ṣe mọ lọ, odò ni wọ́n máa padà sí, ẹ̀yin á sì tún ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru lóṣù Ọ̀pẹ.

Owó tó jókòó

Owó tí ẹ kò ní lò fún ọdún mélòó kan, ẹ má sọ fún mi pé báńkì ni ó wà, kó tán síbẹ̀. Bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba kó lè san èlé fún yín, ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000. Sukuk, irú bọ́ǹdì tó bá òfin Ìsìláàmù mu, náà wà. Ìjọba kọ́kọ́ fi í yá ₦100 bílíọ̀nù ní 2017 láti fi ṣe ọ̀nà, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára wọn, ọ̀nà tí àwa tó ti bá aláìsàn gba ibẹ̀ rí mọ̀ dunjú. Owó ìyálò ni wọ́n ń san lórí rẹ̀, kì í ṣe èlé, kò sì gbọdọ̀ lọ sórí ọtí tàbí tẹ́tẹ́. Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ kò ní bínú, Kìrìsìtẹ́nì kò ní pàdánù. Ẹni tó bá wá ṣèlérí pé òun á sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́: àwọn òwò wo ni a kò ní jèrè nínú wọn? Tẹ́tẹ́ yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó ń bẹ lẹ́nu fóònù. Lórí ṣíà ilé iṣẹ́ ọtí, ìpàdé yín á gbóná. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ dìbò. Lórí tábà, èmi kò rí àríyànjiyàn kankan.

Ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí owó yín bá wà nínú àpò ìdókòwò tó ń tọpa FTSE 100 (àkójọ ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ní ọjà ṣíà Lọ́ńdọ̀nù), ẹ ti ní ìpín nínú British American Tobacco, ilé iṣẹ́ tó ṣí ilé ìṣesìgá sí Ìbàdàn ní 2003. Ẹ̀ ń gba díẹ̀ lára owó sìgá náà, ẹ sì ń fi í ra oògùn ikọ́ wálé. Àpò owó orílẹ̀-èdè Norway ti yọwọ́ nínú tábà láti 2010. Bí ẹ̀ka yín bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ àánú tó forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá ní òfin kò gbà yín láyè, ẹ tọ́ka sí ẹjọ́ Butler-Sloss ti 2022 fún un: Ilé Ẹjọ́ Gíga níbẹ̀ ní àwọn alábòójútó lè yẹra fún ìdókòwò tó bá tako iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn, bí wọ́n bá ti gbé àdánù tó lè tẹ̀ lé e yẹ̀ wò. Ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ẹ padà sínú rẹ́jísítà

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ tún lọ wo ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má ka àpapọ̀ nìkan. Ẹ pín in sí àdúgbò: ojú títì, abúlé oko, gáà àwọn Fúlàní, ibùdó àwọn àgbẹ̀ tó wá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin). Ibi tó sún mọ́ títì ló máa ń kọ́kọ́ dára, àpapọ̀ á sì dùn ún gbọ́, nígbà tí gáà kò tíì kúrò lójú kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gáà ni owó àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀ máa lọ, kí ojú títì ní sùúrù, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé alága wà.