Bí mo ṣe gba èsì lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́yìn tí ìtàn kúkúrú di eré

Ibà ló fà á tí iṣẹ́ yìí fi já lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sùn sílé, nígbà tí mo sì fi máa padà sí kíláàsì, wọ́n ti pín ara wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, kò sí èyí tí mo lè wọ̀ nínú wọn mọ́. Olùkọ́ wa pè mí sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ ò ní bá wọn ṣe eré. Àwọn tó bá jókòó wò ó ni kí o máa wò. Ohun tó ṣe wọ́n ni mo fẹ́ mọ̀, kì í ṣe pé ó dùn tàbí kò dùn." Ogún máàkì ló wà lórí ẹ̀.

Ìwé tí à ń kà ni The Thing Around Your Neck, àkójọ ìtàn kúkúrú méjìlá tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2009. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìtàn kan, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró síwájú kó máa ka pépà. Wọ́n lè fi ṣe eré, wọ́n lè fi kọrin, ohun tó bá ti wù wọ́n. Olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wa máa dà lọ́la, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní ká kọ́ bí a ṣe ń sọ ìtàn inú ìwé di ohun tí ojú ń rí.

Ẹgbẹ́ kìíní mú Cell One. Ìtàn Nnamabia ni, ọmọ olùkọ́ yunifásítì ní Nsukka, tí ọlọ́pàá kó lọ sí àtìmọ́lé ní Enugu nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n sọ ọ́ di ìròyìn rédíò: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan níwájú, ohùn àwọn tó kù nínú fóònù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èmi ti gé fúlúsíkáàpù sí mẹ́rin mẹ́rin láti ilé. Bí wọ́n ṣe parí báyìí ni mo pín in kiri, mo kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: "Kí ni èrò rẹ?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ́ gbogbo pépà náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló ń sọ ohun kan náà: "Ẹ kú iṣẹ́." "Ó dára gan-an." "Ẹ gbìyànjú." Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ọlọ́run á fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ yín." Àdúrà nìyẹn, mo sì ṣe àmín sí i, àmọ́ kò sí ohun tí mo lè fi í kọ. Mo wá jókòó ro ó. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kọ ebè, "ẹ kú iṣẹ́" ló máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ebè ọ̀hún tiẹ̀ wọ́. Ìkíni ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fún mi, nítorí pé ìkíni ni ìbéèrè mi ń tọrọ.

Mo pa ìbéèrè yẹn tì. Mo kọ mẹ́ta mìíràn dípò rẹ̀. Èkíní: kí lo rí tàbí tí o gbọ́ tí kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ? Èkejì: ìgbà wo ni ọkàn rẹ kúrò níbẹ̀? Ẹ̀kẹta: ká ní o lè dá ẹnì kan nínú wọn dúró, kí lo máa bi í? Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ. Mo tún kúrò lórí ìjókòó mi, mo gbé àga lọ sí igun iwájú, mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń ṣeré, mo kọjú sí kíláàsì. Ìwé kékeré kan wà lórí itan mi, mo ń kọ aago àti ohun tí mo bá rí lójú wọn. Ó nira díẹ̀ láti gbọ́ eré kí o má yíjú wò ó, ṣùgbọ́n èyí ló fún mi ní ohun tí pépà ò lè fún mi.

Ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta ò pẹ́, n kò sì ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Ẹgbẹ́ kẹrin ló mú The American Embassy, ìtàn obìnrin kan tó tò sórí ìlà níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó. Akọ̀ròyìn tó ń ta ko ìjọba ni ọkọ rẹ̀, ó ti sá kúrò nílùú. Àwọn ọkùnrin tó wá a wá sílé ti yìnbọn pa ọmọ wọn, Ugonna, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ò jẹ́ ká jókòó rárá. Wọ́n ní kí gbogbo wa jáde, ká tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lóòrùn aago kan ọ̀sán, kí oníkálukú mú nọ́mbà dání. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sẹ́yìn fèrèsé kíláàsì gẹ́gẹ́ bí òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rín ti tán. Ọmọkùnrin kan kúrò lórí ìlà lọ ra omi inú ọ̀rá, nígbà tó dé, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọn ò jẹ́ kó wọ àyè rẹ̀ mọ́, ìjà sì fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní tòótọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 1:14, wọ́n ti gbàgbé pé eré ni. Ìgbà náà ló kan obìnrin náà. Ẹni tó wà lójú fèrèsé bi í pé ẹ̀rí wo ló ní pé ìjọba ló pa ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é mú òdòdó ixora dání, àwọn pupa wẹ́wẹ́ tí à ń rí lẹ́bàá ọgbà iléèwé, tí gbogbo wa ti fà yọ rí nígbà tí a wà lọ́mọdé láti mu omi dídùn ìdí rẹ̀. Òdòdó yìí wà nínú ìtàn: òun ni ìyá náà fẹ́ gbìn sí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Kò dá òyìnbó lóhùn. Ó yí padà, ó sì rin gbogbo gígùn ìlà náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, ó ń kọjá lára wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe. Mo gbọ́ ọ létí ara mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Ẹni tó tẹ̀ lé e náà sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ pẹ̀lẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bá ìlà náà lọ dé òpin, ọmọbìnrin yìí sì kéré sí púpọ̀ nínú wa lọ́jọ́ orí. Títí mo fi máa jáde ní iléèwé yìí, n kò rò pé mo lè gbàgbé rẹ̀.

Pépà ọjọ́ náà yàtọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Inú bí mi sí ẹgbẹ́ yín nítorí oòrùn, ìgbà tí obìnrin náà kọjá ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí." Òmíràn kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti lọ gba físà, wọn ò fún un, àti pé òun ò bi í rí bó ṣe rí lára rẹ̀.

A Private Experience ni ẹgbẹ́ karùn-ún ṣe. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, Chika, ọmọ Igbo tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àti obìnrin Hausa kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń ta àlùbọ́sà, jọ sá pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n wá ìborùn obìnrin náà, wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Hausa. Àtẹ́wọ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo kọjú sí kíláàsì, mo sì rí Màmá Kíláàsì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí kò pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ló rí i.

Mo dá pépà Màmá Kíláàsì mọ̀ nígbà tí mo kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ níbẹ̀: "Ẹ yọ ọyàn kúrò. Kí ló dé?" Nínú ìtàn, nígbà tí obìnrin náà gbọ́ pé iṣẹ́ dókítà ni Chika ń kọ́, ó sọ fún un pé orí ọmú òun ń ta òun bí ata, ó ṣí ọyàn rẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Chika parọ́ fún un pé ó ṣe ìyá òun náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ kẹfà, ó sì sọ ìpara tí yóò máa fi pa á. Mo ka pépà náà sókè lọ́jọ́ tí a jókòó yẹ èsì wò. Olórí ẹgbẹ́ náà ní ojú ló tì wọ́n, nítorí olùkọ́ wa wà níbẹ̀. Màmá Kíláàsì dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ni obìnrin inú ìtàn náà, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí a kì í bá sọ̀rọ̀, tí èèyàn wa ń pa èèyàn wọn níta, òun ni mo ṣí àyà mi fún. Bí ẹ bá yọ ìyẹn, ìborùn nìkan ló kù." Olùkọ́ wa ò sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ náà tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ṣe ibẹ̀, lórí aṣọ, láìṣí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Màmá Kíláàsì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹgbẹ́ kẹfà ló gba àtẹ́wọ́ jù, àwọn náà ni èsì wọn ṣòro fún mi jù láti kọ. The Headstrong Historian ni ìtàn wọn: Nwamgba, obìnrin Igbo tó jẹ́ amọ̀kòkò, fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì kó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó lè fi bá àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣẹjọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Grace ló wá lọ sí kóòtù ní Èkó, tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Afamefuna, orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́, tó túmọ̀ sí pé orúkọ mi kò ní sọnù. Ọmọkùnrin kan tó mọ oríkì í ké fi oríkì Yorùbá kí Nwamgba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíláàsì dìde dúró. Àwọn kan ń ná owó fún un. Orí tèmi náà wú.

Pépà kan ṣoṣo ló takò ó. "Ó dùn mọ́ mi, mo sì pàtẹ́wọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n obìnrin tó ń jà kí orúkọ ìdílé rẹ̀ má parun lẹ fi oríkì ìlú mìíràn kí. Ẹ ò tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ re." Igbo kan wà nínú wa, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. N kò bi í bóyá òun ló kọ ọ́.

Mo fẹ́ fi pépà yẹn pamọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó, torí inú àwọn ẹgbẹ́ náà dùn púpọ̀. Nígbà tó yá, mo fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìjábọ̀ tí mo kọ lórí wọn, torí nínú gbogbo pépà tí mo gbà, òun ló ka ìtàn náà jinlẹ̀ jù.

Ojú ewé mẹ́rìnlá ni mo fi sílẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí n dá pépà padà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi rọ́bà di tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọkùnrin tó ké oríkì ka tirẹ̀ lórí ìdúró. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, síbi tí ọmọ Igbo náà ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó fa àga kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pè é?" Ìyẹn pe Nwamgba fún un. Òun náà pè é, kò bọ́ sí i. Wọ́n ṣì ń pè é nígbà tí mo fi jáde.