Bí ẹ ṣe lè gba àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ àdúgbò lọ́wọ́ káńsù ní Ìkòròdú

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ti ìjọba àpapọ̀ ni, káńsù kò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ọjà, gáréèjì, gọ́tà àdúgbò, iná ojú pópó, ilẹ̀ kíkó àti itẹ́ òkú, ìwé òfin ọdún 1999 ló gbé wọn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ tún wo káńsù tí àdúgbò yín bọ́ sí, nítorí yàtọ̀ sí ti Ìkòròdú fúnra rẹ̀, káńsù ìdàgbàsókè márùn-ún ló tún wà: Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà.

Lẹ́tà gan-an ló máa ń bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ ọ́ pé, “Kí ló dé tí ẹ kò ṣe gọ́tà wa?” Òfin FOI ti ọdún 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kò fi dandan lé e pé kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn, ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ló ní kí wọ́n fún yín. Nítorí náà, ẹ dárúkọ ìwé:

“Sí Alága. Lábẹ́ òfin FOI 2011, mo ń fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lórí gọ́tà òpópónà wa (orúkọ rẹ̀): iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìṣúná ọdún yìí, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un, iye tí ẹ ti san àti ọjọ́ tí ẹ san án.”

Ẹ má sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, òfin kò bi yín. Owó ìlú ni, ẹni tó ń ná an gbọ́dọ̀ lè mú ìwé rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Dandan ni kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tiyín, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Tí kò bá sí òǹtẹ̀, kò sí ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí. Tí wọ́n bá dákẹ́, kíkọ̀ ni òfin kà á sí, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí kóòtù. Tí kóòtù bá rí i pé wọ́n kọ̀ láìtọ́, owó ìtanràn tí wọ́n máa san jẹ́ ₦500,000. Kò sí owó mìíràn tí wọ́n lè gbà ju owó ẹ̀dà títẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní òfin FOI yìí, tí wọ́n ṣe ní Àbújá, kò kàn wọ́n, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá a ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Tí ìwé bá dé, ẹ gbé e lọ sójú gọ́tà, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín (CDA). Bí ìwé bá sọ mítà 200, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò ibi tí kọnkéré ti ń sán. Tí kò bá bá ìwé mu, ẹ kọ lẹ́tà kejì: ẹ béèrè ìwé tí ẹnjiníà káńsù fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí.