Bá A Ṣe Ń Ṣẹ̀dá Ọ̀tá Inú Gémù Tó Ju Ìkà Lásán Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn gémù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya ojú ọ̀tá yín, ẹ má tíì wá ohùn tó máa fi sọ̀rọ̀. Ohun tó pàdánù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀tá tó kàn fẹ́ pa ayé run, a máa pa á, a máa gbàgbé ẹ̀ ká tó dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó kàn, àmọ́ èyí tí nǹkan ń dùn lọ́kàn, tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ àwa náà ó máa dùn wá, ìyẹn ò ní kúrò lọ́kàn èèyàn bọ̀rọ̀.

Ẹ wo Pagan Min, ọba tó jẹ́ ọ̀tá nínú gémù Far Cry 4, ọdún 2014. Ìbẹ̀rẹ̀ gémù yẹn báyìí ló ti fi pẹ́ẹ̀nì gún ọmọ ogun ara ẹ̀ pa, torí ó ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n wá ń yìnbọn sí i. Ìkà ni, kò sí àríyànjiyàn. Lẹ́yìn ẹ̀ ó mú Ajay, ẹni tá a fi ń ta gémù náà, jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní kó dúró de òun, òun ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wa la sá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15, ó padà wá lóòótọ́, ó mú Ajay lọ síbi tó máa gbé eérú òkú ìyá ẹ̀ sí, lójúbọ Lakshmana, ọmọ tí Pagan bí tí bàbá Ajay pa ní kékeré. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀tá yín ṣe ìlérí kan, kó sì mú un ṣẹ.

Ìkejì, ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe gbọ́dọ̀ ṣòro láti ta kò. Nínú gémù Warcraft III, 2002, àwọn ará ìlú Stratholme ti jẹ ọkà tó ní àrùn, wọ́n máa tó di òkú tó ń rìn, Arthas, ọmọ ọba tá a fi ń ta gémù náà, sì ní ká pa gbogbo wọn kó tó di pé Mal'Ganis, ẹ̀mí èṣù kan, kó wọn lọ. Uther olùkọ́ ẹ̀ kọ̀, Jaina ọ̀rẹ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó wá ku ìwọ àti máòsì ẹ, ìwọ lò ń tẹ ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí gémù lè ṣe nìyẹn tí ìwé ò lè ṣe, ẹ lò ó dáadáa! Ẹ má kó oògùn àrùn náà pa mọ́ síbì kan kó lè dà bíi pé òmùgọ̀ ni.

Ẹ má sì bá a wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ nù o. Kí ẹni tó ṣe níkà sọ̀rọ̀, kó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ìparí, tí òǹkọ̀wé á ṣàdédé sọ ọ́ di wèrè kó lè rọrùn fún wa láti pa á. Ìbẹ̀rù ló fà á, ẹ jẹ́ kó lọ́gbọ́n lórí títí tó fi máa ṣubú.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọ ojú ewé kan bíi pé òun gan-an ló ń ròyìn ọjọ́ tó ṣe ibi tó burú jù. Tó bá pe ara ẹ̀ ní ìkà níbẹ̀, ẹ tún un kọ.